Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání? Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ṣágámù

Olùkọ́ mẹ́rin ló fi ilé ìwé náà sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Jẹ́lé-ó-sinmi kékeré ni, ní àdúgbò kan ní Ṣágámù tí kò jìnnà sí Sábó, níbi tí àwọn olóbì ti ń ṣòwò. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Obìnrin tó dá a sílẹ̀, Mọ́mì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló pè mí lórí fóònù ní ìparí oṣù kẹsàn-án. "Àǹtí, ẹ bá mi wá wo ilé ìwé mi," ó ní. "Olùkọ́ ò dúró, òbí ń yọ ọmọ. Bóyá ẹ̀yin lẹ máa rí ohun tí ojú tèmi ò rí."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Mo fi ọdún 14 kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fúnra mi. Ní báyìí, ilé ìwé ló ń pè mí pé kí n wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí n wo bí nǹkan ṣe ń lọ, kí n sì sọ ohun tí mo bá rí. Ní ilé ìwé yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ rí kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ilé tí ọkọ Mọ́mì fi sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n sọ di ilé ìwé. Ó mọ́ tónítóní, wọ́n ya erin àti kìnnìún sára ògiri, jangílọ́fà kan sì wà ní àgbàlá tí ṣéènì rẹ̀ kan ti já. Ọmọ 87 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, olùkọ́ méje, nánì méjì. Nínú àwọn olùkọ́ méje yẹn, mẹ́ta ló ní ìwé ẹ̀rí NCE, èyí tí Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè wa pè ní ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù parí ilé ìwé girama, iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń kọ́ iṣẹ́. Kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ló bà mí lẹ́rù jù: ọmọ 34, olùkọ́ kan. Ẹnìkejì rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́rin tó lọ, wọn ò sì tíì rí ẹni rọ́pò rẹ̀. Ọmọ 25 sí olùkọ́ kan ni ìjọba fọwọ́ sí.

Owó oṣù wọn ò tó ìdajì 70,000 náírà tí ìjọba sọ di owó oṣù tó kéré jù ní 2024. Mọ́mì ò sì rú òfin kankan, torí òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá pé 25 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni tí mo mọ̀ ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ń ṣíji sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo mú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ECERS jáde, èyí tí Thelma Harms àti Richard Clifford ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1980, tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Láti orí 1 dé orí 7 ni: 1 túmọ̀ sí pé kò tó rárá, 3 pé ó kàn tó, 5 pé ó dára, 7 pé ó dára dé góńgó. Èèyàn á jókòó, á wo àyè, ohun èlò, bí olùkọ́ ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, bí ọmọ ṣe ń ṣeré. Àárọ̀ méjì ni mo fi wò. Ohun ìṣeré gba 2 lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ọmọ gba 2. Àwọn ọmọ ká ọwọ́ sáyà, wọ́n ń ké "A for apple" tẹ̀lé olùkọ́, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ nínú wọn ò rí ápù rí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí Mọ́mì ra ohun ìṣeré.

Mọ́mì kì í ṣe ahun. Kí oṣù kẹwàá tó dé ìdajì, káfíńtà kan lẹ́yìn ọjà ti bá a gé búlọ́ọ̀kù onípákó 120, ó ti ra bọ́ọ̀lù, ọmọláńgidi àti ìwé aláwòrán. Ó pè mí pé kí n bá òun dúpẹ́.

Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ṣì ká ọwọ́ sáyà. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun kan dúró ní kọ̀rọ̀ kíláàsì, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Mo yọjú wò ó láti ojú gíláàsì: búlọ́ọ̀kù wà nínú ọ̀rá tí káfíńtà dì í sí, wọn ò tíì tú okùn rẹ̀. Eruku ti bò ó. Mo bi àǹtí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta léèrè bóyá wọ́n ń lò ó. "A máa ń lò ó, mà," ó ní, ó sì yíjú sí pátákó.

Ibí yìí ni mo ti ṣì í. Mo rò pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọmọ ni. Mo ní kí Mọ́mì jẹ́ kí n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, a sì fi í sí ọjọ́ Sátidé. Gbogbo wọn wá. Wọ́n kọ gbogbo ohun tí mo sọ sínú ìwé, wọ́n pàtẹ́wọ́ níbi tó yẹ ká pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan pọn ọmọ rẹ̀ wá láti Mákun, òun àti ọmọ jọ sùn lọ ní ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó fún wọn lówó ọkọ̀, èmi náà ò béèrè. Ní ọjọ́ Ajé, méjì nínú wọn pẹ́ dé, wọ́n sì gé owó wọn. Búlọ́ọ̀kù wà nínú ọ̀rá.

Mo wá ní ká béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójú wọn. Ó yẹ kó jẹ́ òun ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo tẹ ìwé ìbéèrè, mo kó o fún olórí olùkọ́ pé kó pín in. Mọ́mì ló gbà á padà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò ó sínú fáìlì, ó sì gbé e fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ náà tẹ́ àwọn lọ́rùn gan-an. Mi ò rí èsì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ìwé yẹn bá jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé Párádísè ni àwọn mẹ́rin yẹn sá kúrò.

Mọ́mì ló ń ka nótì ẹ̀kọ́ gbogbo wọn ní Ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ìkọ̀wé ẹni tí kò dá mọ̀, títí kan bí oníkálukú ṣe ń fa ìlà. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ?

Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọjọ́rú ni, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sì máa ń sè fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ yẹn. Nánì àgbà, ìyá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, jókòó lórí àpótí, ó ń rin ewùrà. Mo fa àpótí kejì, mo bá a mú ọ̀kan. Bí ewùrà ṣe ń yún mi lọ́wọ́ ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo kàn bi í, láìwo ojú rẹ̀, pé kí ló dé tí wọn ò fún àwọn ọmọ ní búlọ́ọ̀kù.

"Ta ló máa san án?" ó ní.

Mi ò lóye. Ó wá là á yé mi bí ẹni ń là á yé ọmọ. Ohunkóhun tó bá sọnù tàbí tó bá bàjẹ́ nínú kíláàsì, owó oṣù olùkọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́ta kan yọ apá ọmọláńgidi, olùkọ́ sì san 1,500 náírà. Olùkọ́ yẹn wà lára àwọn mẹ́rin. Ìwé kan wà, aláwọ̀ pupa, nínú dúrọ́ọ̀ olórí olùkọ́, níbi tí wọ́n ń kọ owó ìtanràn sí: ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méje, 200. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dún, 200. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ tó ń bá ọmọ sọ Yorùbá, 100, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ wo ló máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, kó da búlọ́ọ̀kù 120 sí àárín ọmọ 34?

Mo fi ewùrà sílẹ̀, mo lọ fọwọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò gbé bébà wá mọ́. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Paula Jorde Bloom, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí bí ibi iṣẹ́ ṣe ń rí lára àwọn tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá: bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe sí ara wọn, àtìlẹ́yìn ọ̀gá, bóyá iṣẹ́ yé oníṣẹ́, owó àti ẹ̀tọ́, ta ló ń pinnu, àyè láti dán nǹkan tuntun wò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ di gbólóhùn mẹ́wàá ní Yorùbá. Mo ra kóńgò àgbàdo kan àti kóńgò ẹ̀wà kan. Mo gbé agolo mílíìkì mẹ́wàá tí mo lẹ ìwé pa lẹ́nu sẹ́yìn kọ́tìnì, mo dá ihò kékeré kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ka gbólóhùn àti nọ́ńbà agolo rẹ̀ sókè, ẹnì kọ̀ọ̀kan á wọlé pẹ̀lú ọwọ́ dídì, á sọ hóró kan sínú rẹ̀: àgbàdo bó bá gbà, ẹ̀wà bí kò bá gbà. Ẹnikẹ́ni ò lè dá ìkọ̀wé àgbàdo mọ̀. Nánì kékeré béèrè bóyá àwọn náà máa jù ú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn mẹ́sàn-án ló jù ú.

"A máa ń ran ara wa lọ́wọ́": àgbàdo mẹ́sàn-án. "Owó oṣù mi ń wọlé lásìkò": àgbàdo méje. Mo fẹ́ kí èyí wà lákọsílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó lówó ju tiwọn lọ ni ò lè rí méje bẹ́ẹ̀. "Owó náà tó mi": ẹ̀wà mẹ́sàn-án, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Wọ́n ń béèrè èrò mi kí wọ́n tó pinnu nǹkan": ẹ̀wà mẹ́sàn-án. "Ọkàn mi balẹ̀ láti jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kó sì ṣeré": àgbàdo kan, ẹ̀wà mẹ́jọ. Olórí olùkọ́ tó ń tọ́jú ìwé pupa náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn. Ẹ̀wà tirẹ̀ náà wà nínú agolo èrò bíbéèrè.

Mo gbé agolo lọ sí ọ́fíìsì Mọ́mì. Ó da ti èrò bíbéèrè sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ìka kan yí ẹ̀wà náà kiri. Inú bí i. "Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀? Ṣé mi ò lẹ́nu tí wọ́n fi lè bá mi sọ ọ́?" Mo dákẹ́. Ó ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe kó nǹkan òun lọ ní ọdún àkọ́kọ́, títí dé orí ṣíbí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó jẹ́ kí n fojú mìíràn wò ó: òun náà ti ṣe olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi rí, lábẹ́ obìnrin kan tó máa ń gé òun lówó lórí ẹ́késá tó ya. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ilé ìwé. Kò tíì rí ọ̀nà mìíràn.

Ó fa ìwé owó ilé ìwé yọ, ó ṣí i síwájú mi. Òbí tó jẹ gbèsè lé ní ogójì. Owó àjọ rẹ̀ ló fi san owó oṣù kẹwàá. Mo bi í pé ṣé àwọn olùkọ́ mọ̀. Ó ní láéláé. Mo ní ṣé ó lè fi hàn wọ́n. Ó ní kí n máa lọ ilé.

Lọ́jọ́ kẹta ló pè mí. "Ẹ wá jókòó tì mí, kí n fi hàn wọ́n."

A ò fi ìpàdé yẹn sí Sátidé mọ́. Ọjọ́rú ni, láàárín wákàtí iṣẹ́, èmi àti ìyá ọmọ méjì la pààrọ̀ ara wa bójú tó àwọn ọmọ. Mọ́mì ka gbèsè jáde láìdárúkọ òbí. Yàrá dákẹ́ lọ títí. Àǹtí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ẹ má bínú o. A rò pé ilé lẹ̀ ń kọ́ ni." Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n fagi lé owó ohun tó bàjẹ́. Wọ́n fagi lé owó Yorùbá. Mo rò pé wọ́n á fagi lé ti pípẹ́ náà, àwọn olùkọ́ ló ní kó wà, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pẹ́ ni ọ̀nà ń dá dúró. Àmọ́ wọ́n tún aago ṣe. Àwọn olóbì máa ń gbé ọmọ wá ní aago mẹ́fà àbọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà, ọmọ míì á ṣì máa sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èèyàn méjì á máa tètè dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún wọn, àwọn yẹn á sì máa tètè lọ. Àwọn òbí ọ̀hún á fi owó díẹ̀ kún un fún wọn. Àwọn yòókù, aago méje àbọ̀. Èmi ì bá jókòó fún ọdún kan, mi ò lè ro èyí, torí mi ò mọ iye ọmọ tó ń dé pẹ̀lú òkùnkùn. Àwọn mọ̀.

Wọ́n tú okùn ọ̀rá náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, àwọn ọmọ fi òrí pa ètè. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ojú àǹtí ni wọ́n ń wò. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta obì to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ sórí ẹní, ó jókòó tì í. Ọmọbìnrin kan bèèrè iye. "Igba náírà." Ọmọbìnrin náà ní ó ti wọ́n jù. Wọ́n ná an títí, ó já a sí ọgọ́rùn-ún, ó ka márùn-ún fún un, ó sì fi ọ̀kan ṣe ènì. Àǹtí wọn lóṣòó tì wọ́n. "Mélòó ló wá di báyìí, pẹ̀lú ènì?" Ọmọbìnrin náà kà á: mẹ́fà. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó fagi lé owó Yorùbá, ìbéèrè kan yẹn á ná àǹtí ní 100 náírà.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sọnù ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀kan padà wá nínú kúlà oúnjẹ, ọbẹ̀ ti pa á, ìyá ọmọ ń tọrọ àforíjì. Méjì ò padà mọ́. Káfíńtà gé òmíràn.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òbí méjì wá bá Mọ́mì jà pé Gẹ̀ẹ́sì làwọn sanwó fún, ọ̀kan sì yọ ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ fi ní èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni ká fi kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kí ìjọba tó yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí 2025. Ní 1970 sì ni iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí fún àwọn òbí, kò wọ̀ wọ́n létí. Ohun tí àǹtí kréèṣì sọ ló mú ẹnìkejì rọ̀: "Màmá, bí ọmọ yín bá ń sunkún, 'sorry, sorry' nìkan ni mo ní ní Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi í rẹ ọmọ lẹ́kún."

Gbogbo nǹkan kọ́ ló dára. Owó oṣù ò tíì kúrò níbi tó wà, olùkọ́ kan sì lọ sí Ìkòròdú ní oṣù kejì, níbi tí wọ́n ti ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ fún Mọ́mì ní oṣù kan ṣáájú, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ò ṣe. Kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́ta ti wá sí 29, kò tíì dé 25. Nígbà tí mo tún gbé ECERS jáde ní oṣù kẹta, ohun ìṣeré kúrò ní 2 bọ́ sí 4, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ọmọ bọ́ sí 5, àyè dúró sí 2 tó wà, torí yàrá ò lè fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ṣéènì jangílọ́fà náà ṣì já.

Fún ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: mo ti yí ọwọ́ padà. Tí mo bá dé ilé ìwé báyìí, kí n tó wo ògiri, mo máa ń ní kí wọ́n fún mi ní ìwé owó ìtanràn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní in, mo máa ń béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù dání. Mi ò jẹ́ kí èsì olùkọ́ gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá. Mi ò dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ohun tí ẹ̀rù ń ba wọ́n láti ṣe. Mo sì máa ń wá àwọn tó ti lọ rí. Mo pe méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Ọ̀kan ò gbé fóònù. Èkejì, èyí tó san 1,500, ń ta aṣọ òkirìkà báyìí. Ó ní kì í ṣe owó náà ló dun òun. Ó ní ìgbà tí apá ọmọláńgidi yẹn yọ, òun lu ọmọ náà, òun ò sì lu ọmọ rí.

Ìwọ̀n oṣù kan lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni mo tó rántí pé àwọn nánì méjèèjì ò sí níbẹ̀. Wọ́n wà ní ilé ìdáná, Ọjọ́rú ni. Ẹni tó la gbogbo rẹ̀ yé mi ò gbọ́ iye gbèsè tí òbí jẹ, kò sì sí nígbà tí wọ́n ń pín aago. Owó tirẹ̀ ló sì kéré jù. Mo ti bẹ Mọ́mì pé kí ìpàdé tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí wọn ò se ìkọ́kọrẹ́.